Oògùn tó ń bá bọ́ọ̀sì wọ Àkúrẹ́

Kí Kòrónà tó dé, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ilé ìwòsàn àwọn kan ní Àkúrẹ́. Àwọn tíráǹsì ni mò ń wí: ẹni tí agbẹ̀bí ní ọkùnrin ni, tó sì mọ ara rẹ̀ sí obìnrin, tàbí ẹni tí wọ́n sọ lórúkọ obìnrin tó jẹ́ pé ọkùnrin ló mọ ara rẹ̀ sí láti kékeré. Dókítà wọn wà ní Èkó, tàbí ní Ìbàdàn, tàbí lórí WhatsApp. Oògùn wọn ń ti Ìdúmọ̀tà bọ̀. Ẹni tó bá wọn rà á á gbé e dé gáréèjì ní Ọjọ́ta, á fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé e, á kọ nọ́ńbà fóònù sí i lára, á san owó wébìlì, awakọ̀ á sì jù ú sábẹ́ àga. Tí ọkọ̀ bá ti wọlé, awakọ̀ á pè wọ́n: "Ẹ wá gbẹrù yín o, mo fẹ́ lọ jẹun." Wọ́n á lọ gbà á. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní orúkọ, kò sẹ́ni tó wò wọ́n lójú lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ fámásì ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ọjà Ọba, "Àǹtí Dókítà" sì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, bí mo ṣe ń jà tó pé n kì í ṣe dókítà. Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi jẹ́ télọ̀ aṣọ obìnrin, ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká lórí búláòsì. Ìwé oògùn ló mú wá. Mo ti ka ìwé náà tán kí n tó gbójú sókè wo ẹni tó mú un wá: spironolactone àti estradiol, dókítà kan ní Èkó ló kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Spironolactone kì í ṣe ohun àjèjì. Ojoojúmọ́ ni mò ń tà á fún àwọn ìyá tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru tàbí tí ẹsẹ̀ wọn wú. Lára irú télọ̀ yìí, kì í jẹ́ kí hòmóònù ọkùnrin, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ ara di ti ọkùnrin, ráyè ṣiṣẹ́, kí estradiol, tó jẹ́ hòmóònù obìnrin, lè rí ọ̀nà ṣe tirẹ̀. Mo ní èkínní wà lọ́wọ́ mi, èkejì kò sí. Mo wá bi í bóyá ó ti yẹ pòtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láìpẹ́, torí oògùn yẹn lè mú kó ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó kọ́kọ́ wò mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè tó kan oògùn náà."

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń júwe mi fún ara wọn, ọ̀kan lónìí, òmíràn lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Wọn ò pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìwàásù àwọn kan, ẹ ó rò pé wọ́n ti gba ìlú.

Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí Kòrónà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù kẹta, kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ni Gómìnà Akeredolu kéde pé ó ti wọ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Láti ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìnrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn mọ́, kónílé-ó-gbélé alẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́jọ alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà.

Lórí ìwé, wọn ò dá ọkọ̀ oúnjẹ àti ọkọ̀ oògùn dúró. Ṣùgbọ́n ta ló máa pe bọ́ọ̀sì elérò ní ọkọ̀ oògùn? Ohun tó wà lábẹ́ àga awakọ̀, àfi kí awakọ̀ rìn kó tó lè rìn. Àwọn tó tiẹ̀ gbójú gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ tàbí ti Iléṣà wọlé lóru, gbogbo ẹ̀gúnjẹ tí wọ́n bá san lójú ọ̀nà ni wọ́n ń kó lé owó wébìlì. Ohun tí mo rí lọ́dún yẹn ni pé ilẹ̀kùn iwájú ti wà ní títì mọ́ àwọn èèyàn yìí tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Kòrónà rárá. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà rí ìtọ́jú. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni àjàkálẹ̀ àrùn wá dí.

Hòmóònù kì í ṣe oògùn orí fífọ́ tí èèyàn lè fò lónìí kó tún lò lọ́la. Ẹni tó ti ń lò ó fún ọdún mélòó kan tó wá já lójijì, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í padà síbi tó ti ń sá kúrò. Irun ara á tún máa nípọn, oorun á dá lójú rẹ̀, inú rẹ̀ á bàjẹ́ láìsí ẹni tó bú u. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún tí wọ́n ti yọ kórópọ̀n rẹ̀ ló tún burú jù, torí kò sí hòmóònù kankan tí ara rẹ̀ lè gbára lé mọ́. Tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, egungun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Nínú oṣù karùn-ún yẹn, télọ̀ wọlé nígbà tí mo ti ń kó pátákó ìta sínú. Ó ní kí n ta páálí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí mẹ́rin fún òun.

"Ta ló fẹ́ lò ó?"

"Àǹtí, ẹ ṣáà tà á fún mi."

"Mélòó lo fẹ́ máa lò lóòjọ́?"

Ó dákẹ́. Ó wá ní ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí òun máa lo mẹ́rin tàbí márùn-ún títí estradiol á fi dé.

Mo fa àga fún un. Mo ṣàlàyé fún un pé ethinylestradiol tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn yẹn yàtọ̀ sí èyí tí dókítà rẹ̀ kọ, pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ju estradiol lọ, àti pé ẹni tó bá ń gbé e mì ní ìlọ́po mẹ́rin ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á dì ní ojúgun, á já, á gòkè lọ di ọ̀nà mọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Kòrónà fúnra rẹ̀ náà sì ń di ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tó bá mú gan-an. Kí méjèèjì wá pàdé lára ẹnì kan, nínú ìlú tí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn àti ọ́síjìn kò tó nǹkan? N kò tà á fún un. Ó bínú, ó fi mí sílẹ̀ láìdágbére, n kò sì dá a lẹ́bi. Mo pe ọ̀rẹ́ kan tí a jọ kàwé, tó ń ta oògùn ní Ìbàdàn. Nígbà tí estradiol náà máa dé, inú ọkọ̀ ẹlẹ́yin ló bá wá, láàárín kéréètì. Ẹ ò rí ayé: ẹyin lẹ́tọ̀ọ́ láti kọjá, oògùn ló ń fara pamọ́ sábẹ́ ẹyin.

Ẹnì kejì tí n kò lè gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ ọdún yẹn, ọmọ yunifásítì ni. ASUU ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹta, ó sì ti padà sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Òkè-Àró, ilé tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ́mọbìnrin. Bándéèjì kirépì ló máa ń wá rà, irú èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi ń di orúnkún. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé tòun ti ikọ́, bó bá sọ gbólóhùn kan á dúró mí. Mo ní kó wá sẹ́yìn káńtà. Àyà rẹ̀ ló ń fi bándéèjì náà dì, ó sì ń dì í sùn, torí yàrá kan náà lòun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń lò láti ìgbà tí wọ́n ti sé gbogbo ilé mọ́lé, kò rí kọ̀rọ̀ tó lè tú u sí.

Mo sọ fún un pé kò gbọdọ̀ di àyà rárá nígbà tó bá ń wúkọ́, kò sì gbọdọ̀ dì í sùn láé, pé bándéèjì yẹn ń fún sí i bí èèyàn bá ṣe ń mira, ó lè ba egungun ìhà jẹ́. Kó wá síńglẹ́ẹ̀tì tó fún díẹ̀, kó fi rọ́pò rẹ̀. Mo ní kó lọ sílé ìwòsàn.

"Wọ́n á ní kí n ká aṣọ sókè kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà mi, mà."

Ó tán níbẹ̀. Kò lọ. Bóyá Kòrónà ni, bóyá òtútù ni, kò ṣe àyẹ̀wò, ikọ́ náà sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Lálaalẹ́ ni NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, ń gbé iye àwọn tó ní àrùn jáde, tí gbogbo wa ń tẹjú mọ́ fóònù láti wo iye ti Oǹdó. Irú ọmọ yìí kò lè sí nínú iye yẹn.

Lẹ́yìn náà ló tún wá ra páàdì. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ló rán òun. Abẹ́rẹ́ testosterone rẹ̀, hòmóònù ọkùnrin tó ń gbà, ti tán, nǹkan oṣù sì ti padà. Mo fi páàdì náà sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, mo ní kó bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Kí n má parọ́ mọ́ àwọn elétò ìlera. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ó sì yẹ kó bà wọ́n. Àwa ará Oǹdó ti mọ ibà Lassa tipẹ́, a mọ bí àrùn ṣe ń ti ara aláìsàn ran nọ́ọ̀sì. Nínú oṣù kẹfà, àwọn dókítà NARD, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ sí i nílé ìwòsàn, daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, ohun èlò ìdáàbòbò wà lára ohun tí wọ́n ń jà fún. Lọ́jọ́ 30 oṣù náà, gómìnà kéde pé Kòrónà wà lára òun. Lọ́jọ́ 2 oṣù keje, kọmíṣọ́nà fétò ìlera, Dókítà Wahab Adegbenro, kú sí i. Bí ó bá lè pa kọmíṣọ́nà ìlera, kí ni nọ́ọ̀sì tó ń fọ ìbòmú kan ṣoṣo lálaalẹ́ fẹ́ máa rò? Gbogbo ẹni tó ń wúkọ́ ni wọ́n ń sá fún nígbà yẹn, àgbà àti èwe. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ikọ́ èmi àti ẹ̀yin máa lọ, wọ́n á sì gbà wá padà.

Télọ̀ kò wúkọ́ rárá. Ibà lásán ló mú un, ló bá mára le, ó lọ sí ilé ìwòsàn kan nígboro. Wọ́n ti fi ọ̀dà kun àmì X sára bẹ́ǹṣì kí àwọn èèyàn lè jókòó jìnnà síra. Torí àlàfo yẹn, àti torí ìbòmú tó bo ẹnu nọ́ọ̀sì, igbe ni wọ́n ń fi pe orúkọ. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ló wà lára káàdì, ọ̀rọ̀ "Ọ̀gbẹ́ni" sì wà níwájú rẹ̀. Wọ́n pè é. Ó jókòó jẹ́ẹ́ nínú àǹkárá tó rán fúnra rẹ̀. Wọ́n tún pè é. Tó bá dìde, gbogbo ojú ni yóò mọ̀. Tí kò bá dìde, wọ́n á fo káàdì rẹ̀. Ó dìde. Ọkùnrin kan lẹ́yìn pariwo, "Ẹ wo Bobrisky Àkúrẹ́ o!" Bobrisky ni gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń múra bí obìnrin. Bẹ́ǹṣì fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá òun ló ni káàdì náà àbí ó jí i. Kò dé ibi tí wọ́n ti ń wọn ìgbóná ara tó fi yí padà. Ọ̀dọ̀ mi ló wá. Mo fi ìlà àyẹ̀wò ibà wò ó, ibà ni lóòótọ́, mo fún un lóògùn. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ibà ńkọ́? Fámásì kì í ṣe ilé ìwòsàn.

Tí mo bá bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ irú èyí, òfin ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń nà sí mi. "Ọdún mẹ́rìnlá o, Àǹtí!" Òfin oṣù kìíní ọdún 2014 ni wọ́n ń sọ, èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó bá fẹ́ ara wọn, ọdún 10 fún ẹni tó bá ń dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Mo ti kà á. Kò dárúkọ tíráǹsì níbì kankan, kò sì sí ibi tó ti ní kí nọ́ọ̀sì lọ fi aláìsàn sùn. Nínú oṣù kẹwàá ọdún 2014 kan náà, Jonathan kan náà buwọ́ lu Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè. Abala 20 rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ni, tàbí méjèèjì. Abala 26 ní kí wọ́n bo àṣírí aláìsàn. Òfin àkọ́kọ́ yẹn, ọlọ́kadà mọ̀ ọ́n. Èyí tó kan iṣẹ́ wa gan-an, mo ti bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ọ rí.

Ohun kan ṣoṣo tí ọdún yẹn fi ṣe wọ́n lóore ni ìbòmú. Télọ̀ ń fi ègé àǹkárá rán an tà, ó sì ń wọ̀ ọ́ ju bí ìjọba ṣe ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun rìn la Ọjà Ọba já láìsí ẹni tó súfèé sí òun. Ó ti kà nípa Panama lórí fóònù, ẹ̀rù sì ń bà á. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin, ìjọba ibẹ̀ pín ọjọ́ ìjáde: obìnrin lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, ọkùnrin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta. Tí tíráǹsì bá jáde lọ́jọ́ tó bá ojú rẹ̀ mu, ọlọ́pàá á ní káàdì rẹ̀ kò bá a mu. Tó bá jáde lọ́jọ́ tó bá káàdì mu, wọ́n á ní ojú rẹ̀ ńkọ́. Peru náà ṣe é fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó pa á tì. Ní Bogotá, wọ́n ní kí tíráǹsì jáde lọ́jọ́ tó bá bó ṣe mọ ara rẹ̀ mu. "Àǹtí, wọn ò ní gbé e wá síbí?" Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé àwa tí wọ́n ní ká má jáde rárá, ṣebí a kún Ọjà Ọba.

Nígbà tí ọ̀nà ṣí, tí testosterone tún ń wọlé, dókítà ọmọ Òkè-Àró ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí oògùn náà máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa pọ̀ sí i, ó sì lè pọ̀ jù. Àpótí méjì ló wà lórí fọ́ọ̀mù láàbù, M àti F. Ó fi àmì sí F bó ṣe wà lára káàdì rẹ̀. Hemoglobin rẹ̀, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa, jáde ní 16, kọ̀ǹpútà fi àmì pupa sí i pé ó ga. Ọmọkùnrin láàbù pè mí: "Àǹtí, ẹni tí ẹ rán wá yìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń kó mi láyà sókè o." Mo ní kó fi wé ìlà ti ọkùnrin. Ó dákẹ́, mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Há. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é." Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn láti ọjọ́ náà.

Dókítà kan nígboro yìí ló ti kọ́kọ́ ní kí ọmọ náà lọ rí oníṣègùn ọpọlọ. Oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìwé tuntun tí wọ́n fi ń to àìsàn, ICD-11, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ tíráǹsì kúrò lábẹ́ àrùn ọpọlọ níbẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2022 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwé máa ń pẹ́ kó tó dé Àkúrẹ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀nà àbáyọ wà nílẹ̀, a sì lò ó fún àwọn ẹlòmíràn. Nígbà Kòrónà, àwọn tó ń lo oògùn HIV tí ara wọn ti balẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba oògùn oṣù mẹ́ta, ìgbà mìíràn oṣù mẹ́fà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n má bàa máa pààrà ilé ìwòsàn. Ó ṣiṣẹ́. Ètò náà kò nílò ẹ̀rọ kankan, ẹni tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ ló nílò. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi nọ́ńbà pe aláìsàn dípò orúkọ, tí gbogbo báǹkì Àkúrẹ́ ti ń ṣe fún oníbàárà tipẹ́. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé nínú oṣù kẹta ọdún 2021, orúkọ ni wọ́n tún ń pariwo. Télọ̀ kò lọ, àfi ìgbà tó gbọ́ pé ojúlùmọ̀ mi kan wà lára àwọn tó ń gún un.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Ọmọ ìjọ ni èmi náà, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó yí ẹ̀kọ́ ìjọ rẹ̀ padà. Àwọn mìíràn á fẹ́ gbè mí, wọ́n á fa ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gùn Ṣàngó tó ń dirun bí obìnrin yọ, pé nǹkan yìí ti wà nílẹ̀ wa látijọ́. Ìtàn dára, àmọ́ n kò nílò rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ó yẹ kí ẹni tí ibà mú rí oògùn ibà.

Ibà Lassa ṣì ń bọ̀ lọ́dọọdún tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé, ibi ìyàsọ́tọ̀ sì máa ń ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin àti wọ́ọ̀dù obìnrin. Mo bi nọ́ọ̀sì kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀ pé kí ló máa ń ṣe tí irú télọ̀ yìí bá dé. Ó ní ọ̀kan ti dé rí, àwọn òṣìṣẹ́ sì dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò gbọ́ wọn.

"Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bi í. Mo bi í pé níbo ló fẹ́ kí a gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí."

"Kí ló wí?"

"Ó ní níbi tí fáànù bá ti ń ṣiṣẹ́."